Inú Ń Dùn Mí ní Ṣakẹ́tẹ́

Kútọnu ni wọ́n ń sọ nílé pé mo wà. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí màmá mi máa ń sọ fún un ni pé mo wà ní Kútọnu, mo ń ránṣọ. Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní Ṣakẹ́tẹ́ ni mo wà, pé ìrìn ọkọ̀ gidi ló wà láàárín èmi àti Kútọnu, pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tíì débẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún sọ fún ìyàwó pásítọ̀ wọn pé Kútọnu ni. Mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Lójú ẹni tí kò bá tíì kọjá ààlà rí, gbogbo ibi tó wà lódìkejì, Kútọnu ni.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú níbí kì í ṣe pé mi ò gbédè. Mo gbọ́ ọ. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, àmọ́ bí mo bá ti lanu, wọ́n á máa wò mí. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì gígùn ní ìyànà ilé wa jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán, ó wá rọra béèrè pé ṣé ìwé ni mo ń kà ni. Wọ́n ní Yorùbá mi dà bíi ti ọjọ́ Sunday. Bí ti wọn náà bá dé ibi tó dùn, wọn á ti Faransé bọ̀ ọ́ láàárín, èmi á wá dúró bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta ilé bàbá rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo fẹsẹ̀ kọ níwájú ilé ẹnì kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní "dusumọ́ọ̀". Mo ti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí, wọ́n ní "rọra" ni. Mo rò pé ó ń bá mi wí pé mo ń rìn gbìrìgbìrì lójúde òun. Mo yíjú sí i, mo ní ṣé bàbá ẹ ló la ọ̀nà ni. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan ni mo tó mọ̀ pé "pẹ̀lẹ́" tiwọn nìyẹn. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ti rò pé báyìí ni wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní Nàìjíríà.

Ọ̀dọ̀ Tantí Mọnìkì ni mo ti rí iṣẹ́. Ará Àjàṣẹ́ ni, Ègùn paraku. Òun ló ni ilé ìránṣọ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Pobẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́rin, tábìlì ńlá kan, àti ohùn kan tó tó ti èèyàn mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a sọ Yorùbá, ó wo ẹnu mi bí ẹni ń wo bọ́tìnì tó fẹ́ já, ó sì fi Ègùn dá mi lóhùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù sọ fún mi pé Tantí ò gbọ́ Yorùbá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé àlejò ló máa jiyàn ni?

Bí mo ṣe kọ́ Ègùn nìyẹn, láti inú èébú. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàárọ̀ ní Ègùn, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé ó ran àpò mọ́ ìdí ṣòkòtò. Bí ilé ìwé bá ti fẹ́ wọlé, kaki àwọn ọmọ á kún ilẹ̀, Tantí á máa rìn láàárín wa pẹ̀lú tépù lọ́rùn, á máa bá wa jà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ká mi lára, màá tẹrí mọ́ ẹ̀rọ, màá máa bú u ní Yorùbá lábẹ́lẹ̀. Ọ̀bọ tó so tépù kọ́rùn ni mo máa ń pè é. Kí Ọlọ́run foríjì mí, onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ó máa ń tù mí lára.

Ègùn tí mo fi èébú kọ́ ló gbé mi dé iwájú ìjọ. Ilé ìjọsìn wa ní Ṣakẹ́tẹ́, apá òsì ni àwọn tó gbọ́ Ègùn máa ń jókòó sí, Tantí náà wà lára wọn, apá ọ̀tún ni tàwa Yorùbá: àwọn Ànàgó tó ń bọ̀ láti oko lọ́nà Àgìdì, àti àwa oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó wá láti Nàìjíríà. Pásítọ̀ á wàásù ní Ègùn, ògbufọ̀ á máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Nígbà tí ògbufọ̀ àná kó lọ sí Parakú, wọ́n fi èmi sí ipò rẹ̀. Pásítọ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀, ó kọ́ mi ní òfin rẹ̀. Ó ní ògbufọ̀ kì í fi kún un, kì í sì í yọ kúrò níbẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ní "mo", kí n ní "mo". Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ kí n ní "ó ní".

Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rí tí ẹnu mi ti jẹ́, ẹ ó pariwo. Mo ti bí ìbejì lẹ́yìn ọdún méjìlá. Wọ́n ti jí alùpùpù mi gbé, mo sì ti rí i padà ní Ìgànná. Ejò ti wọ aṣọ mi lóko, kò bù mí ṣán. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo máa ń gba ayọ̀ ẹlòmíì sẹ́nu, tí mo máa ń gbé e kọjá sí apá ọ̀tún, tí wọ́n máa ń kígbe halelúyà. Màmá mi sọ fún gbogbo ìjọ wọn pé ọmọ àwọn ti di ògbufọ̀ ní Kútọnu. Inú mi dùn sí i. Mo rò pé ìgbà àlejò mi ti parí, pé mo ti délé.

Ní ọdún kẹrin ni nǹkan yìí dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín, torí ohun tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè nìyẹn: kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Èèyàn mi ò kú. Ọkùnrin kankan ò já mi sílẹ̀. Mo kàn jí lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, mo sì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ yàrá. Mi ò lè ki ẹsẹ̀ kejì bọ̀ ọ́. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta. Oúnjẹ ò lóòórùn mọ́. Ìwẹ̀ di iṣẹ́ tí mo ní láti ronú sí kí n tó ṣe é. Ẹkún gan-an ì bá ṣe mí lóore, kò wá. Màá ki òwú bọ abẹ́rẹ́, màá wá gbàgbé ohun tí mo fẹ́ rán.

Mo gbàdúrà o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mi ò gbàdúrà. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí aṣọ fi ń bọ́ lára mi. Èmi ni mo gbẹ, nǹkan náà ò gbẹ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé irọ́ ni ìgbàgbọ́ mi, torí mo ti gbọ́ ọ látìgbà èwe pé onígbàgbọ́ kì í rẹ̀wẹ̀sì. Ta ni màá sọ fún? Ní gbogbo ọjọ́ Saturday tí màmá mi bá pè, wọ́n á ní ṣé àlàáfíà ni, màá ní a dúpẹ́. Wọ́n á ní ṣé mo ń jẹun, màá ní a dúpẹ́. Kò sí ìbéèrè tí "a dúpẹ́" ò lè bò mọ́lẹ̀ lédè wa.

Ohun kan ṣoṣo ló dì mí mú nígbà yẹn. Mo ń ka Bíbélì, kì í ṣe pé ó wù mí, mo dé ibi tí wòlíì kan ti sá lọ sábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ó ti tó. Mo ti mọ ìtàn yẹn láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àmọ́ mi ò tíì kíyè sí i rí pé Ọlọ́run ò bá a wí. Ọlọ́run jẹ́ kó sùn, ó fún un lóúnjẹ, ó tún jẹ́ kó sùn. Mo ka ibẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ní bí Ọlọ́run bá lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wòlíì tí kò bínú, á gbọ́ tèmi.

Lọ́jọ́ kan, Tantí ní kí n gbé kaki lọ fún oníbàárà kan ní Pobẹ̀. Mo wà lẹ́yìn alùpùpù. Ọkọ̀ àjàgbé tó kó ẹyìn ń bọ̀ níwájú wa, ó kún dé òkè. Ó wá sí mi lọ́kàn pé bí ọlọ́kadà yìí bá yà sí i díẹ̀, kò ní jẹ́ ẹ̀bi mi, gbogbo rẹ̀ á sì parí. Ọkọ̀ náà kọjá. Ẹ̀rù ara mi bà mí débi pé mo ní kí ọlọ́kadà dúró, mo sọ̀kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ dájú pé bí mi ò bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, nǹkan yìí máa pa mí. Mo pinnu pé màá sọ ọ́. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá lanu, "a dúpẹ́" ló ń jáde.

Iṣẹ́ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gé ṣòkòtò méjì, mo so ẹsẹ̀ ọ̀kan mọ́ èkejì. Tantí gbé e sókè kí gbogbo wa rí i, ó ní kí n lọ wá ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá. Ó ní bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí n kẹ́rù mi. Mi ò tiẹ̀ bú u lábẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lágbára èébú mọ́.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Màmá Selẹsitínì jáde wá jẹ́rìí. Gààrí ló ń ṣe ní Tákọ́n, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, mi ò rí i kó jáde síwájú rí. Ó di míkró mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ ní Ègùn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú míkró tèmi. Ó ní òun jí lọ́jọ́ kan, òun ò lè dìde. Mo ní, "Mo jí lọ́jọ́ kan, mi ò lè dìde." Ó ní kò sí ibà, kò sí ẹni tó kú. Mo sọ ọ́. Ó wá ní nǹkan kan ń dun òun ní "homẹ". Bí àwa ṣe ń pe inú ni Ègùn ń pe homẹ. Inú tí oúnjẹ ń wọ̀ náà ni ìbànújẹ́ ń wọ̀. Mo gbé e kọjá bó ṣe rí.

"Inú ń dùn mí," mo wí.

Apá ọ̀tún kígbe halelúyà. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù dìde, ó ń ju áńkáṣíìfù. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ti gbé orin. Ẹ̀rí ni wọ́n retí, "inú" àti "dùn" sì ni wọ́n gbọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ máa wá kiri? Apá òsì, tí wọ́n gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ gan-an, ń wò wọ́n bí ẹni ń wo wèrè. Màmá Selẹsitínì yíjú sí mi. Ó wò mí. Ó gbọ́ Yorùbá níwọ̀nba, ó mọ̀ pé ìrora òun ni wọ́n ń jó sí.

Mo lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Orin á parí, obìnrin náà á máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí ò jẹ́.

"Ẹ dákẹ́ ná," mo ní. "Mi ò sọ pé inú mi dùn. Mo ní inú ń dùn mí. Bí eyín ṣe ń dun èèyàn. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń dun èèyàn."

Dùùrù dákẹ́. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀ kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ máa sọ̀rọ̀. Mi ò dúró. Mo ní ó ti di oṣù mélòó kan. Mo ní màá ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà, màá sì jókòó títí oòrùn á fi wọlé. Mo ní mo gbààwẹ̀, kò lọ. Mo ní mo purọ́ fún màmá mi ní gbogbo ọjọ́ Saturday. Mo sọ ti ọkọ̀ ẹyìn lọ́nà Pobẹ̀. Àwọn tó gbọ́ èdè méjèèjì ti mọ̀, torí Màmá Selẹsitínì ò la ẹnu mọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn. Pásítọ̀ sún mọ́ mi, ó rọra béèrè pé, "Ìwọ ni, àbí òun?"

"Èmi ni, Pásítọ̀," mo dá a lóhùn.

Ariwo bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé kí ni ògbufọ̀ ń sọ. Ibẹ̀ ni Tantí Mọnìkì ti dìde. Ó rìn wá síwájú bó ṣe máa ń rìn láàárín ẹ̀rọ, ó gba míkró lọ́wọ́ Màmá Selẹsitínì, ó dúró tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Ègùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan. Ààwẹ̀. Irọ́ ọjọ́ Saturday. Ibi tí mo ti ní "mo", òun náà ní "mo". Mo tún fi kún un pé ohùn ọ̀gá mi ń dé etí mi bí ohùn ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri. Ó sọ ìyẹn náà bó ṣe rí, kò yọ ọ́ kúrò. Ó dé ibi ọkọ̀ ẹyìn, ó sọ ọ́.

Àárín ọ̀rọ̀ yẹn ni ọpọlọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e. Yorùbá tí mo ń sọ yìí, Tantí ń gbọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́, láti ọdún mẹ́rin. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ ikú lọ́wọ́, ojú wá ń tì mí nítorí ọ̀bọ.

Pásítọ̀ ò lé ẹ̀mí èṣù kankan. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, ó wá bẹ Màmá Selẹsitínì pé kó parí ẹ̀rí rẹ̀. Obìnrin náà gba míkró padà. Ó ní dókítà kan wà ní ilé ìwòsàn ní Pobẹ̀ tó ń tọ́jú irú rẹ̀, pé oògùn lòun ń lò, òun sì ń gbàdúrà, òun ò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Ó ní ọpẹ́ tóun wá dú ni pé òun ti padà sídìí gààrí òun. Mo túmọ̀ rẹ̀, mo rọra ṣe é. Nígbà tí mo parí, apá ọ̀tún ń wò mí. Ọkùnrin alùpùpù yẹn béèrè pé ṣé àwọn lè kígbe báyìí. Mo ní wọ́n lè kígbe.

Lọ́jọ́ Tuesday, Tantí fi ọmọ iṣẹ́ àgbà sídìí iṣẹ́, ó mú mi lọ sí Pobẹ̀. Dókítà pe nǹkan náà lórúkọ rẹ̀ ní Faransé, ó ní àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, ó kọ oògùn, ó ní kí n máa padà wá lóṣooṣù. Mo bá Ọlọ́run jiyàn díẹ̀ lórí oògùn yẹn, mo wá rántí pé òun ló gbé oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wòlíì. Mo gbé e mì. Nígbà tá a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, Tantí jókòó tì mí títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá yíjú sí fèrèsé, ó ní, ní Ègùn, pé kí n má gbàgbé pé ọ̀bọ kan ló sanwó ọkọ̀.

Kò tíì tán. Ẹni tó bá ní ó tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó wá jẹ́rìí tirẹ̀, màá túmọ̀ rẹ̀ fún un. Tèmi, àárọ̀ kan máa ń dára, èyí tó tẹ̀ lé e á tún wúwo. Àmọ́ mo ní ìlànà. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ kí n tó gbàdúrà, torí bí mo bá ń gbàdúrà lórí ibùsùn, ibẹ̀ ni màá wà. Àdúrà náà ti kúrú. Nígbà míì, "Olúwa, mo ti dìde" ni gbogbo rẹ̀. Mo gbà pé ó ń gbọ́ ọ. Màá wẹ̀, màá jẹun bí kò tiẹ̀ wù mí, màá lọ sídìí ẹ̀rọ. Mi ò ní jẹ́ kó mú mi.

Ó ku màmá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbà á rò kí n tó sọ fún wọn, mo sì wà ní ìdí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Wọ́n sunkún. Wọ́n ní àbúrò mi ń bọ̀ wá mú mi lọ́jọ́ Monday, kí n máa di ẹrù. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé tí mo bá délé, màá wà ní yàrá ẹ̀yìn títí ara mi á fi yá, ẹnì kan ò ní gbọ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ mo rí ara mi nínú yàrá yẹn, tí àwọn èèyàn ń béèrè mi níta, tí màmá mi ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́. Mo ní mi ò wá. Wọ́n ní ta ni mo ní níbẹ̀, ṣebí ìlú onílùú ni.

Tantí na ọwọ́, mo gbé fóònù fún un. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dá ẹ̀rọ dúró, torí wọn ò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Màmá, ẹ kú ilé o," Tantí wí ní Yorùbá. "Ara ọmọ yín ò tíì yá tán. Gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló wà."

Ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ gbé kaki rẹ̀.

"Gbogbo wọn mọ̀," màmá mi ní, "wọn ò sì lé ẹ?"

"Wọn ò lé mi, Mà."

"Dúró síbẹ̀ nígbà náà."